Ẹsẹ̀ Tíṣà Lórí Bíréèkì

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ìyàwó Tíṣà ti ìjókòó yẹn síwájú, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ìjókòó tún padà sẹ́yìn. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni mò ń wí o, kì í ṣe ti dírẹ́bà gan-an. Láàárọ̀ tó ń fọ ọkọ̀ náà kó lè tà á, ó ti ìjókòó ọ̀hún síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ẹ̀yìn, ó sì gbọ́ bó ṣe ró "kẹ́" nígbà tó há síbi tó yẹ kó há sí. Ó wọlé lọ pọn omi mìíràn. Ìgbà tó máa fi dé, ìjókòó ti fà dé òpin irin rẹ̀ lẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síbẹ̀ tó ń naṣẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ sì gùn. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti sin ín.

Obìnrin náà ò pariwo. Alágbàfọ̀ ni, iṣẹ́ tó ń ṣe kì í jẹ́ kéèyàn ráyè pariwo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún ti ìjókòó náà síwájú, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀, ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà mí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Àmọ́ orí rẹ̀ ti wú, gbogbo irun apá rẹ̀ ti dìde, ọṣẹ sì ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìmọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Tíṣà tí mò ń wí yìí kì í ṣe tíṣà ilé ìwé. Ọkọ̀ ló ń kọ́ àwọn èèyàn wà. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi jókòó ti àwọn tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ògiri. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ó ti tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó ní kí wọ́n ṣe bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì kejì sí ẹ̀gbẹ́ tí òun ń jókòó sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́ ṣe wèrè, Tíṣà á tẹ bíréèkì tirẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Tọ́tù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré, ọ̀dọ̀ dírẹ́bà nìkan ló wà. Tíṣà kì í jágbe mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn kan náà ló ní fún gbogbo wọn: "Máa lọ, ẹ̀rù kí ló ń bà ọ́? Ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì."

Àtúnṣe kejì ló fa ọ̀ràn. Pẹtiróòlù lọkọ̀ náà ń mu tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákú tí kò jí mọ́, Gírísì, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Tíṣà láti kékeré, bá a wá ẹ́ńjìnnì dísù kan láti ara ọkọ̀ akẹ́rù tó ti di àwókù. Wọ́n gé irin, wọ́n jó irin, wọ́n fi agídí mú un wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà ni ohùn ọkọ̀ ti yí padà, tó ń kùn bí àgbàlagbà tínú ń bí tí kò fẹ́ sọ ohun tó ṣe é. Irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ti ṣáná tán, kò tún béèrè bátìrì, kò béèrè kọ́kọ́rọ́; okùn kan wà lábẹ́ sítíárìn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà kó tó lè kú. Gírísì fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó gbé e wá. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọkọ̀ yín ti di alágídí o. Ẹ máa fi sùúrù bá a lò." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ akẹ́rù náà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Tíṣà kú, lórí ìjókòó yẹn, lọ́sàn-án gangan. Onídìrí kan ló ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà táwọn èèyàn máa sáré débẹ̀, ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín títì, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni pé wọ́n ń pa á, Tíṣà ti dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dé ìdí. Gírísì àti ọkùnrin méjì mìíràn ló pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè ká ẹsẹ̀ yẹn kúrò. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Onídìrí náà jókòó sórí ilẹ̀, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Mi ò tẹ tọ́tù o! Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹsẹ̀ kàn án!" Ta ló máa gbọ́ tẹni tó ń kọ́ mọ́tò? Wọ́n ní kó lọ sinmi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Tíṣà fi sílẹ̀, ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, torí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Ọmọ náà mọ ọkọ̀ wà ju ọ̀pọ̀ géńdé lọ. Òun ló ń fi ọkọ̀ náà gbé aṣọ tí ìyá rẹ̀ bá fọ̀ lọ fún àwọn oníbàárà, ó sì ti ń sọ ọ́ kiri pé òun máa gba iṣẹ́ bàbá òun ṣe. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń ba ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọkọ̀ ti dá dúró mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, tí bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kejì wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Ẹlòmíì á bẹ́ jáde. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tirẹ̀ á yíjú sí ìjókòó òfìfo, á ní, "Ẹ ṣé, bàbá mi."

Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ "Ẹ ṣé, bàbá mi" yìí, àyà rẹ̀ là gààrà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé òkú tó bá fẹ́ràn ọmọ jù, bí kò bá tíì lọ jìnnà, a máa pe ọmọ náà mọ́ra. Ọkọ ti lọ. Bí ọmọ bá tún lọ, kí ló kù fún un láyé? Ó pinnu pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà òun kó tó gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

"Màámi, bàbá mi ò lè pa mí lára," Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Mi ò sọ pé á pa ọ́ lára. Ó lè jẹ́ pé àárò rẹ ló ń sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló burú jù."

Oníbúrẹ́dì kan ló kọ́kọ́ wá wò ó, ọ̀gbẹ́ni sísanra tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. A kì í fa ọkọ̀ lé ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ kó máa dá nìkan wà á lọ. Ẹnì kan láti ilé ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ, kó má baà gbé e sálọ. Ni ìyàwó Tíṣà bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó kí ó má baà kan ohunkóhun. Oníbúrẹ́dì ń wà á, ó ń sọ̀rọ̀. "Màmá, ọkọ̀ yìí lóhùn o! Bó bá wọ àdúgbò báyìí, kí n tó fọn fèrè ni wọ́n á ti máa sáré wá ra búrẹ́dì." Wọ́n dé ibi tí títì ti tẹ́jú, ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè. Ó tún ròkè sí i. Oníbúrẹ́dì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ rọra o," ìyàwó Tíṣà wí.

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," ó ní. Òógùn bò ó lójú. "Màmá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi, kò sí lórí tọ́tù. Ó kàn ń lọ ni."

Ìgbà náà ni aṣọ kan fara nu obìnrin náà lójúgun. Aṣọ ṣòkòtò ni. Ó mọ bí aṣọ ṣòkòtò ṣe ń rí lára, òun tó ń fọ ọ́ lójoojúmọ́. Atẹ́gùn tútù kan kọjá lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, bíréèkì tó wà níwájú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ó lọ pátápátá, táyà ké, ọkọ̀ dúró, oníbúrẹ́dì sì fi àyà gbá sítíárìn.

Oníbúrẹ́dì fa okùn, ẹ́ńjìnnì kú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Ẹ má bínú, màmá. Ọkọ̀ dáa. Àmọ́ ọkọ̀ tí ẹlòmíì ṣì jókòó sínú rẹ̀, èmi ò lè bá yín ná an." Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sílé, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó Tíṣà jókòó síbẹ̀ títí tí Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ fi wá bá a, ọmọ náà ló sì wa ọkọ̀ padà wálé. Bíréèkì nìkan ni obìnrin náà ń rò. Ohun tí oníbúrẹ́dì sọ nípa tọ́tù ti bọ́ sọnù lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọkùnrin mìíràn dé.

Kò kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ń lọ aṣọ nínú yàrá iwájú, ayọ́ọ̀nù gbóná, oòrùn mú ganrínganrín, òtútù kan bá mú un léjìká. Nígbà tó wo ìta, ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọgbà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì fa fìlà bo etí kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún.

"Ẹ káàsán o, màá. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ tà á."

"Ẹ káàsán, sà. Ta ló sọ fún yín?"

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀," ọkùnrin náà wí.

Ẹni tó fẹ́ ra àlòkù ọkọ̀ máa ń yí i po, á gbá táyà nípàá, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á pòṣé kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀. Ọkùnrin yìí ò ṣe ọ̀kankan. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa ojú dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó Tíṣà dárúkọ iye tó fẹ́ tà á, ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́. Òórùn dísù ń bọ̀ láti ara rẹ̀, àti òórùn kan tó dà bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó.

Ẹ́ńjìnnì yẹn, ó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó kó tó dìde. Lọ́jọ́ náà, bí ọkùnrin yìí ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dìde, ó sì ń ró geerege bí ohun tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Tíṣà ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì kó wọlé tì í, ṣùgbọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rí bíréèkì ibẹ̀ tó wọlẹ̀. Ó wọlẹ̀ ó sì dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbìyànjú àtilọ, ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń yí erùpẹ̀ sókè, ọkọ̀ ò sún. Bí i pé gbogbo agbára ayé wà lórí bíréèkì kékeré yẹn.

Ọkùnrin náà yíjú sí ìjókòó òfìfo. Ojú rẹ̀ ò le, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. Ó ní, "Kò tíì rẹ̀ ọ́?"

Ìyàwó Tíṣà gbọ́ ọ. Àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn dírẹ́bà máa ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa bá òun gbẹ́rù, kì í wo ojú alábàárù dáadáa.

Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀. "Màá rà á, màá. Nǹkan tí wọ́n fi kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni mi ò fẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Èyí tó wà lọ́dọ̀ dírẹ́bà tó mi. Màá wá gbé e lọ́la."

Kí n má parọ́, inú obìnrin náà dùn. Ó rò ó pé bí bíréèkì yẹn bá kúrò, ọkọ òun ò ní rí ohun tẹ̀ mọ́, á sì máa lọ síbi tó yẹ kó lọ. Kò tó wákàtí kan tó fi ránṣẹ́ pe Gírísì.

Gírísì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró níwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó na apá méjèèjì.

"Dádì Gírísì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Màámi, ẹ gbọ́ mi ná. Gbogbo wa là ń sọ pé ó ń tẹ bíréèkì, ó ń tẹ bíréèkì. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi ń tẹ̀ ẹ́!"

"Òkú ò nílò ìdí."

"Bàbá mi kì í tẹ bíréèkì lásán! Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, kúrò níbẹ̀!" Ohùn ìyá já. "Ìwọ nìkan ni mo ní. Ṣé kí n máa wò ọ́ kí o máa bá òkú ṣeré títí tó fi máa mú ọ lọ ni? Kúrò níbẹ̀ kí n tó sunkún níwájú rẹ."

Ọmọ náà kúrò. Gírísì dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń tú nọ́ọ̀tì. Ó yọ bíréèkì náà jáde. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Rọ́bà tó wà lójú rẹ̀ ti jẹ tán, irin abẹ́ rẹ̀ ti ń dán.

"Ìyàwó wa," ó ní, "èmi ni mo pààrọ̀ rọ́bà yìí lọ́sẹ̀ tí Tíṣà kú. Odidi ọdún márùn-ún ló yẹ kó lò. Ẹni tó ń tẹ èyí, kò sinmi rárá. Tọ̀sán-tòru ló ń tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà yọ ọ́."

"Mo ti yọ ọ́. Ó kàn dà bíi pé... ẹ jẹ́ ká tún rò ó ná."

"Mo ti rò ó tán."

Gírísì mi orí. Ó gbé bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì náà sórí àpótí rẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ ọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn. Wọ́n kàn rí i pé ó ti jókòó sídìí sítíárìn ni, ẹ́ńjìnnì sì ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó mú un lọ," ó ní.

Ìyàwó Tíṣà nawọ́ sí ilẹ̀kùn, àmọ́ ó fa ọwọ́ padà. Ó rántí aṣọ ṣòkòtò tó fara nù ún. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, rọra ti ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èmi ni màá bá wọn lọ. Ó kéré tán kí n fi dágbére fún un." Ó wọlé, ó jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kò sí ohunkóhun níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àfi ihò nọ́ọ̀tì mẹ́rin.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó lọ. Ó dúró ní ẹnu ọgbà, ó ń wo ọkọ̀ tó ń sún síwájú láìsí ohun tó dá a dúró, ó sì ń dúpẹ́. Ibi tí títì ti yà ni ọkùnrin náà ti ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Etí tó fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí, ìdajì rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, ó dúdú, kò sì jọ ọgbẹ́ tó jinná.

Nǹkan kan ró gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Gírísì ló jẹ́ kí àgé irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Ẹni tó fẹ́ rà á ni."

"Ìyàwó wa, èmi ni mo fà á jáde."

"Ẹ fà á jáde níbo?"

"Nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ibi tí a ti yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Tọ́tù ló há mọ́ ọn, wọ́n ní ó sáré sáré títí tó fi fi orí sọ àpáta lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Mo bá wọn gbé e. Etí rẹ̀ kan ti ya dànù. Ó ti kú, ìyàwó wa, ó ti kú pátápátá." Gírísì káwọ́ lérí. "Ọjọ́ kejì ni mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ tán lára rẹ̀. Mo fi dísù fọ̀ ọ́. Mi ò sọ fún Tíṣà."

Yéè! Ẹ wo bí òye ṣe máa ń wọlé tọni nígbà tí kò wúlò mọ́. Ohùn onídìrí padà wá sí i létí: mi ò tẹ tọ́tù o. Ti oníbúrẹ́dì náà padà wá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹni tó ń tẹ bíréèkì, ẹlòmíì ló ń tẹ tọ́tù. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, ohun tó ń ṣe náà nìyẹn, ó ń dá a dúró. Ó kú tán, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kí ọmọ rẹ̀ má baà bá ẹ́ńjìnnì yẹn lọ. Òun ìyàwó rẹ̀ ló wá ní kí wọ́n fi sípánà tú u.

"Ọmọ mi!" ó kígbe. Ariwo yẹn, gbogbo ilé tó wà ládùúgbò gbọ́ ọ. "Mo gbé, ọmọ mi!"

Alùpùpù Gírísì ni wọ́n gùn. Ìyàwó Tíṣà ò mọ ibi tó fi ẹsẹ̀ sí, kò mọ̀ pé bàtà òun kan ti já sílẹ̀ lọ́nà. Wọ́n gba títì tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, torí Gírísì ní kò sí ibòmíì tó lè lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí bí ibi tí nǹkan wúwo ti fi eré kọjá. Èéfín dísù dúdú ṣì rọ̀ sí afẹ́fẹ́, kò fẹ́ tú ká. Ọkọ̀ kankan ò sí lójú ọ̀nà. Ìyàwó Tíṣà ń gbàdúrà, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run, kò tilẹ̀ mọ èyí tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Orí òkìtì iyanrìn lẹ́bàá títì ni wọ́n ti rí Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó jókòó. Ó wà láàyè. Apá rẹ̀ kan ti yẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti fàya, ẹ̀jẹ̀ wà ní orúnkún rẹ̀, ó sì di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú sínú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ní kó má jẹ́ kó bọ́. Ìyá rẹ̀ wó lé e lórí. Ó ń fọwọ́ kan orí rẹ̀, imú rẹ̀, eyín rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. "O ò kú. O ò kú. Ọmọ mi ò kú."

"Màámi," ọmọ náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé."

"Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Wọ́n ní kí n sọ ọ́." Ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú sí i. "Ọkùnrin yẹn gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo fa okùn, ọkọ̀ ò kú. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo iwájú. Ìjókòó tí mo wà bá sún sẹ́yìn lábẹ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú mi. Orúnkún rẹ̀ wà lẹ́yìn orúnkún mi. Ó tutù, Màámi. Ó ń tẹ ilẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀, gbì, gbì, gbì, bó ṣe máa ń ṣe. Kò rí nǹkan kan tẹ̀."

Gírísì yíjú sápá kan. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n léjìká, kò sì jẹ́ kó jáde.

"Nígbà tí àpáta ti ń sún mọ́ wa, ọwọ́ kan gba iwájú mi kọjá, ó ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ bàbá mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n tì mí jáde. Àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí mi létí."

Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ béèrè. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má béèrè. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò bínú. Wọ́n ní ká má dúró sí ẹ̀bá títì rárá o, ká tètè máa lọ, torí wọ́n ní ọkùnrin yẹn máa padà wá mú mi, àwọn ò sì ní bíréèkì mọ́."

Ó kù bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú kí ìyàwó Tíṣà tó dìde. Ìgbà náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ lódì kejì àpáta, ohùn tó ń kùn, tó ń ròkè sí i, tó ń bọ̀.